Níbi Tí Lauterborn Ti Dá Kálàmù Dúró

Ìpẹ́ ni ẹ̀dá tín-ínrín kan fi kọ́lé. Ìpẹ́ náà tó nǹkan bí 50, sílíkà sì ni gbogbo wọn, èròjà inú iyanrìn tí wọ́n ń yọ́ ṣe gíláàsì. Wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tẹ̀ díẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ ní ìbú láti ìdí ilé náà, ìyẹn ìkarahun rẹ̀, títí dé ẹnu rẹ̀, ní ìlà márùn-ún tó yí i ká. Ibi ẹnu yìí ni ẹni tó kọ́ ọ ti ń na fọ́nrán tín-ínrín jáde, òun ló sì fi ń rìn. Gbogbo ìkarahun náà kò gùn ju 20 sí 30 máíkírómítà lọ, bẹ́ẹ̀ 1000 máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ẹ mú rúlà ọmọ ilé ìwé, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ìlà kékeré kan àti èkejì rẹ̀: nǹkan bí 40 irú ẹ̀dá yìí lè tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì kan péré ló ń gbé inú ilé onípẹ̀ẹ́ yìí. Ara rẹ̀ mọ́ gaara, kò láwọ̀, àfi ọ̀pá méjì tó tẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ti ewé tí wọ́n ta aró sí. Àmíbà ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní Paulinella chromatophora, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi tí kò níyọ̀ ló sì fi ṣe ibùgbé. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i, tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan kan nípa irú rẹ̀, tó sì jókòó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún aráyé, ni Robert Lauterborn, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1894 ló rí i, ọdún 1895 ni àpèjúwe náà jáde. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà náà.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ àwárí ńláńlá tí wọ́n ń lu agogo lé lórí lọ. Gbogbo ibi tí ojú Lauterborn dé ló kọ sílẹ̀, kò fo ìkankan. Níbi tí ojú rẹ̀ kò lè kọjá, ibẹ̀ náà ló ti dá kálàmù dúró, ó sì sọ ìbéèrè tó kù ní gbangba. Nígbà tí àwọn ẹlòmíì dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ohun èlò tí òun kò lálàá rẹ̀ rí, ojú ibi tó ti dúró gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí pàǹtírí kankan tí wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbá kúrò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìmọ̀ èyíkéyìí.

Ìlú Ludwigshafen, létí odò Rhine, ni wọ́n ti bí i ní 1869. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Heidelberg lọ́dọ̀ Otto Bütschli, tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan. Ṣùgbọ́n odò Rhine gan-an ni olùkọ́ tí kò fi sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1952. Ó kọ ìwé ńlá lórí ìtàn ẹ̀dá inú rẹ̀ àti etí rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń fi ẹ̀dá inú omi wọn bí ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ṣe ń ba odò náà jẹ́. Nígbà tí wọ́n bí i, odò náà kò rí bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a mọ́. Láti 1817 ni àwọn ẹnjiníà, lábẹ́ Johann Gottfried Tulla, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn ìgbọ́nwọ́ rẹ̀ kúrò kó lè máa ṣàn tààrà. Àwọn ìgbọ́nwọ́ tí wọ́n gé sọ́tọ̀ kò gbẹ. Omi wọn rọlẹ̀, ẹrẹ̀ rírọ̀ sì gún sí ìsàlẹ̀ wọn. Inú ẹrẹ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀, tí kò jìnnà sí ìlú rẹ̀, ni Paulinella ti jáde sí i.

Dáyátọ́mù ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí lásìkò yẹn. Èéhọ̀ onísẹ́ẹ̀lì kan ni dáyátọ́mù, òun náà ń gbé inú ìkarahun sílíkà, wọ́n sì pọ̀ lórí ẹrẹ̀ débi pé wọ́n ń pa á láwọ̀ dà. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń wá ohun kan, tí iye rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ẹ̀kán omi kan, tó wá dúró nítorí ẹyọ kan tí kò bá wọn dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú wọn ti máa sáré kọjá lórí rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ tiwọn, ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́ jọ tiwọn, ìkarahun rẹ̀ sì ń dán bíi tiwọn.

Ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó dé ojú. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀dá orí ẹrẹ̀ kò gbọ́dọ̀ po ẹrẹ̀ náà. Yóò bù ú sínú àwo pẹrẹsẹ, yóò jẹ́ kí omi díẹ̀ bò ó, yóò sì fi í sílẹ̀ títí ohun tó wúwo yóò fi rọ̀ sílẹ̀. Àwọn dáyátọ́mù yóò máa wọ́ bọ̀ lókè nítorí ìmọ́lẹ̀, wọn yóò sì di awọ fífẹ́lẹ́ kan lójú ẹrẹ̀ náà. Awọ yìí ni yóò fi ọ̀pá gíláàsì oníhò tín-ínrín fà díẹ̀ lára rẹ̀, tí yóò kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tí yóò sì fi gíláàsì mìíràn tó fẹ́lẹ́ gan-an bò ó. Bí omi náà bá pọ̀ jù, ẹ̀dá inú rẹ̀ yóò máa léfòó kiri, ojú kò ní lè mú un. Bó bá kéré jù, gíláàsì òkè yóò tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìwé kankan kò lè kọ́ni ní ìwọ̀n tó yẹ, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ló kan máíkírósíkóòpù, awò tó ń sọ ohun tín-ínrín di ńlá. Àwọn tí kò lò ó rí rò pé ẹni tó bá sún mọ́ ọn kàn máa rí ohun gbogbo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí awò bá ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpele tó ń fi hàn kedere ṣe máa ń fẹ́lẹ́ tó. Ẹ kò lè rí òkè ìkarahun náà àti inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìpẹ́ òkè bá hàn, àwọn ọ̀pá inú ti di òjìji. Tí ọ̀pá bá hàn, ìpẹ́ ti pòórá. Ọwọ́ kan ń yí awò sókè sódò díẹ̀díẹ̀, ojú ń gba ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, ọkàn ló sì ń tò wọ́n pọ̀ di odidi. Àwòrán tó wà nínú ìwé, tí ìpẹ́, ọ̀pá, ẹnu àti núkílíọ́ọ̀sì ti hàn gedegbe papọ̀, kò sí ẹni tó rí i bẹ́ẹ̀ rí nínú awò. Inú orí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìpele kan lórí òmíràn, kó tó bọ́ sórí bébà.

Yorùbá ní ẹni tó bá fara balẹ̀ tú eèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Odidi ẹ̀dá tó wà níwájú Lauterborn kéré ju ìfun eèrà lọ, kò sì ṣeé tú, nítorí tí wọ́n bá tú u, kò sí nǹkan kan mọ́. Ojú àti sùúrù nìkan ló kù fún un.

Kí ló wá rí? Ó kọ́kọ́ ní láti mọ irú àmíbà tó ń wò. Àwọn kan wà láìní ìkarahun rárá, tí ara wọn ń ṣàn gba ibi tó bá wù wọ́n. Àwọn oníkarahun wà pẹ̀lú, ọ̀nà tí kálukú wọn ń gbà kọ́lé sì yàtọ̀ síra. Difflugia ń ṣa iyanrìn wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ omi, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ilé. Euglypha ní tirẹ̀ ń ṣe ìpẹ́ sínú ara, kò yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ wọn náà kò dọ́gba: ti Difflugia sanra, kò ṣónṣó lórí, ti Euglypha jẹ́ fọ́nrán tó ń tín-ín-rín lọ títí ojú kò fi rí i mọ́. Lauterborn rí ìpẹ́ sílíkà, ó rí fọ́nrán, ó sì mọ ìdílé tí ẹ̀dá náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìpẹ́ Euglypha kúrú, ó ṣe róbótó, ó sì gun orí ara wọn. Ti ẹ̀dá yìí gùn, ó dùbúlẹ̀ ní ìbú, ìlà rẹ̀ márùn-ún kò sì dàrú. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ títí di 1895, kò sí ìran tó lè gbà á. Ó dá ìran tuntun sílẹ̀ fún un, ó sì fi orúkọ Pauline, ìyàwó bàbá rẹ̀, sọ ọ́.

Àyẹ̀wò tó le jù ni ọdún 1995 ṣe fún ìdájọ́ yìí, 100 ọdún géérégé lẹ́yìn tí ó ti kọ ọ́. Debashish Bhattacharya, Michael Melkonian àti akẹgbẹ́ wọn ka jíìnì kan lára Paulinella àti lára Euglypha, wọ́n fi wéra, wọ́n sì rí i pé ìbátan ni wọ́n lóòótọ́. Jíìnì ni wọ́n fi mọ̀. Ìpẹ́ àti ẹsẹ̀ ni Lauterborn fi mọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá méjì yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ara hàn jù, torí ibẹ̀ ni àṣìsọ ti rọrùn jù. Ó kọ àwọ̀ wọn. Ó kọ ìrísí wọn. Ó kọ iye wọn. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń fún ní àárín láti di méjì. Ó wá kíyè sí ohun kan tí kò sí níbẹ̀, àwọn tó ń kíyè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀: kò sí oúnjẹ nínú ara àmíbà yìí. Àmíbà tó ń jẹun máa ń ní ohun tó gbé mì nínú, ìkarahun dáyátọ́mù tó ṣófo, èéhọ̀ tó ti dà díẹ̀, ìdọ̀tí tó ń retí àti jáde. Inú Paulinella mọ́. Ẹni tí kò fi ẹnu jẹun, tó sì ń gbé, tó ń bí sí i, a jẹ́ pé ibòmíì ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, kò sì sí ibòmíì ju ọ̀pá aláwọ̀ aró wọ̀nyẹn lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń se oúnjẹ fún un, bí ewé ṣe ń ṣe.

Kí wá ni ọ̀pá náà? Ohun méjì ni àwọn onímọ̀ ìgbà náà lè pè é. Wọ́n mọ̀ pé èéhọ̀ lè máa gbé inú àmíbà bí àlejò. Ní àwọn ọdún 1870, Joseph Leidy ní Philadelphia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ṣàpèjúwe Hyalosphenia papilio, àmíbà ẹlẹ́wà kan tó kún fún èéhọ̀ tútù yọ̀yọ̀ nínú ìkarahun tó mọ́ gaara. Wọ́n tún mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ewéko ní ẹ̀yà ara tirẹ̀ tó ń gbé àwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní chromatophore nígbà náà. Àwọ̀ ọ̀pá inú Paulinella jọ ti àwọn èéhọ̀ aláwọ̀ aró tó ń dá gbé inú omi. Iye rẹ̀ tí kì í yí padà, àti bó ṣe ń bá sẹ́ẹ̀lì pín, jọ ti ẹ̀yà ara. Ẹ̀rí méjèèjì wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì ń fa ara wọn. Lauterborn gbé ọ̀nà méjèèjì kalẹ̀ fún òǹkàwé. Ó pe àwọn ọ̀pá náà ní ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó jọ chromatophore, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àkọlé àpèjúwe rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ní ilé ìwé girama tiwa, kò sí ọmọ tó ṣe bàọ́lọ́jì tí kò ya àmíbà rí. Wọ́n ní ká gbẹ́ pẹ́ńsù kó mú ṣáṣá, kí ìlà má já, ká má kun inú rẹ̀, kí ìlà tó ń tọ́ka sí ẹ̀yà ara má kọjá lórí ara wọn. Òfin tó dára ni gbogbo wọn. Ibi tó ti ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ojú pátákó ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ya á, láti inú àwòrán tí olùkọ́ náà yà láti inú ìwé, tí ẹni tó kọ ìwé náà sì wò láti inú ìwé mìíràn. Ọmọ náà kò rí ohun tó ń yà. Ohun tí wọ́n sọ fún un pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ló ń yà. Lauterborn kò ní pátákó kankan tó lè wò, ẹ̀dá tó wà níwájú rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ìlà kọ̀ọ̀kan tó fà ní láti ti ojú ara rẹ̀ wá. Mo gbà pé ọmọ tó bá wo ẹ̀kán omi adágún kan fún wákàtí kan, tó ya ohun tó rí gan-an láìka bó ti wù kó burú sí, ti kọ́ ohun tí àwòrán pátákó kò lè kọ́ ọ.

Tí ẹnikẹ́ni bá rò pé orí ire ni iṣẹ́ 1895 yẹn, kó wo ohun tó tẹ̀lé e. Ní 1896, ní Leipzig, ó gbé ìwé jáde lórí dáyátọ́mù tó ti ń wò láti ìgbà náà. Ó ya bí núkílíọ́ọ̀sì wọn ṣe ń pín sí méjì, àti ohun èlò tín-ínrín tó ń ya àwọn kírómósómù sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, ní kínníkínní. Ìwé náà wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn díẹ̀ ló ń ṣí i. Ní 1984, Jeremy Pickett-Heaps àti akẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ apá kan rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi àyẹ̀wò ìgbà tiwọn tì í lẹ́yìn. Àwọn tó ní máíkírósíkóòpù elékítírónì lọ́wọ́ rí i pé ọkùnrin tó fi awò lásán ṣiṣẹ́ ní 88 ọdún ṣáájú ti ya ohun tí àwọn náà rí.

Ní 1906 ó tún rí òmíràn, nínú ẹrẹ̀ tó ń rà tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Ó dà bí ẹyọ ẹ̀dá kan tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó wò ó títí ó fi yé e pé wọ́n pọ̀: bakitéríà tútù ló to ara wọn yí bakitéríà kan tí kò láwọ̀ ká, wọ́n sì ń rìn papọ̀. Ó sọ wọ́n ní Chlorochromatium aggregatum. Àyẹ̀wò òde òní ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìran méjì tó so ayé pọ̀ ni wọ́n lóòótọ́. Ojú kan náà ló rí Paulinella, ojú tó ti mọ́ lára láti máa bi ohun tó bá dà bí ẹyọ kan léèrè bóyá ẹyọ kan ni.

Paulinella alára kò rọrùn láti rí, kò sì rọrùn láti sìn. Kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, ó sì máa ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó pín sí méjì, nígbà tí àwọn bakitéríà kan máa ń pín ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ̀ tó láti yẹ̀ wò nínú ìgò ní láti mọ̀ ọ́n dúró dè. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí ìbéèrè Lauterborn tó rí ìdáhùn. Ludwig Kies, ní Hamburg, ló gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù elékítírónì ní 1974. Ó fi inú ọ̀pá náà hàn bí a kò ṣe rí i rí, ó sì fi hàn pé wọ́n ṣì wọ irú ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tí bakitéríà máa ń wọ̀. Ẹ̀rí yìí fa ìdáhùn sí ọ̀dọ̀ àlejò: ó dájú pé ìran àwọn èéhọ̀ aláwọ̀ aró ni wọ́n, èyí tí a mọ̀ lónìí pé bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni Birger Marin, Eva Nowack àti Michael Melkonian, ní Cologne, tọ́ka ní 2005 sí ẹbí tí ọ̀pá náà ti wá, ẹbí Synechococcus àti Prochlorococcus tó kún inú òkun àti adágún káàkiri ayé. Ní 2008 Nowack, Melkonian àti Gernot Glöckner ka gbogbo jíìnì inú ọ̀pá náà tán. Wọ́n bá nǹkan bí mílíọ̀nù kan lẹ́tà tí wọ́n fi kọ jíìnì, àti jíìnì 867 tó ń ṣe prótéènì. Ìbátan rẹ̀ tó ń dá gbé lóde ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta lẹ́tà yẹn. Àwọn jíìnì tó fi ń ṣe ọ̀pọ̀ èròjà tí kò sẹ́ni tó lè gbé láìní ni ó ti sọnù. Ẹ yọ ọ̀pá náà kúrò nínú Paulinella, yóò kú. Àlejò tí kò lè kúrò nílé mọ́, tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dáná ara ẹni, ti di ara ilé.

Ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ máa sáré sí i nìyí. Gbogbo ewé tó wà lórí ilẹ̀, iṣu, àgbàdo, igi ìrókò, títí kan èéhọ̀ ara ògiri, inú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni chloroplast tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ti wá, ní ohun tó ju bílíọ̀nù ọdún kan lọ sẹ́yìn, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan gbé bakitéríà mì tí kò sì dà á. Ó ti pẹ́ jù, ìtàn náà ti parẹ́ lójú ọ̀nà. Paulinella ṣe irú rẹ̀ lọ́tọ̀, fúnra rẹ̀, ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn. Ìtàn yẹn ṣì tutù. Ìbátan rẹ̀ kan tí kò ní ọ̀pá, Paulinella ovalis, ṣì ń fi ẹnu jẹ irú bakitéríà aláwọ̀ aró bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹnìkan jẹ ẹ́, ẹnìkan gbà á sílé.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n sọ pé Lauterborn kò mọ ohun tó rí. Mi ò gbà. Ká ní ó pè é ní èéhọ̀ àlejò ní 1895, ìdajì òótọ́ ni ì bá sọ, gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé e ì bá sì máa wá ọ̀nà tí àlejò náà máa gbà jáde. Ká ní ó pè é ní ẹ̀yà ara, ìdajì òótọ́ kejì nìyẹn, wọn kì bá sì bi ara wọn léèrè ibi tó ti wá. Ohun tó kọ nìkan ló tọ́ látòkè délẹ̀ fún ẹni tó wà ní ọdún yẹn pẹ̀lú awò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 25, tó mọ̀ pé ohun tí òun rí tóbi, tó sì lè fi orúkọ gba òkìkí, tó yàn láti kọ ìwọ̀n tó rí. Ìkóra-ẹni-níjàánu yẹn wú mi lórí bí àwòrán rẹ̀ ṣe wú mi lórí.

Ìpẹ́ ilé náà tún ní ìtàn tí Lauterborn kò lè parí, nítorí inú òkùnkùn sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2014, Mami Nomura àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tsukuba, ilẹ̀ Japan, gbé kámẹ́rà sí i, wọ́n sì dúró tì í. Kí Paulinella tó pín, ó máa ń kọ́kọ́ kọ́ ilé ọmọ. Ó ń ṣe ìpẹ́ nínú ara rẹ̀, ó ń ti wọ́n jáde lẹ́nu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó tún na ẹsẹ̀ kan tó nípọn jáde, tí kò jọ fọ́nrán tó fi ń rìn, ẹsẹ̀ yìí ló sì fi ń gbé ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí àyè rẹ̀, títí ìkarahun tuntun yóò fi dúró pé níwájú ti àtijọ́. Ìgbà yẹn ni sẹ́ẹ̀lì náà tó pín, ọ̀kan dúró sílé, ọ̀kan kó lọ sí tuntun. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ló kan kálukú, kí ọ̀pá náà tó tún pín di méjì nínú ilé rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan, tí kò ní ojú, tí kò ní ọpọlọ, ń to nǹkan bí 50 ìpẹ́ sí ìlà márùn-ún láìṣì í tò.

Nínú núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ń lọ. Ní 2009, Takuro Nakayama àti Ken-ichiro Ishida rí i pé jíìnì kan tó jẹ́ ti ọ̀pá náà, tó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, ti ṣí kúrò nínú ọ̀pá lọ sí núkílíọ́ọ̀sì àmíbà gan-an. Ní 2017, àwọn tó ń bá Nowack ṣiṣẹ́ ní Düsseldorf kà á pé prótéènì tó ju 400 lọ ni àmíbà náà ń ṣe, tó sì ń kó wọ inú ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ti ń pè é ní ẹ̀yà ara báyìí.

Wọ́n kò sì tíì dáwọ́ dúró. Lọ́dún 2016, Sunju Kim àti Myung Gil Park ní ilẹ̀ Korea ṣàpèjúwe ìran Paulinella tuntun kan tó ń gbé inú omi iyọ̀, òun náà ní ọ̀pá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ. Paulinella longichromatophora ni wọ́n pè é, nítorí gígùn ọ̀pá inú rẹ̀. Títí di ìgbà náà, omi tí kò níyọ̀ nìkan ni àwọn onímọ̀ ti mọ irú àmíbà tó ní ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sí.